Dída ògùn sórí ìgbẹ́ ajá kọ́ ni ìmọ́tótó o

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lórí ìtọ́jú ajá dáa gan-an, ti oúnjẹ ẹ̀, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, mo gbádùn ẹ̀, àmọ́ ìgbà tí ẹ dé orí ilé tí ajá ń sùn, ìlà kan péré lẹ fi parí ẹ̀, pé kéèyàn máa da ògùn apakòkòrò sí i déédéé. Háà. Ìlà yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn, wọ́n á da ògùn sórí ìtọ̀ àti ìgbẹ́, wọ́n á fi omi ṣàn án, ibẹ̀ á máa rùn bí ọsibítù, wọ́n á ní ó ti mọ́. Kò mọ́ o jàre, òórùn ò pa kòkòrò.

Blíìṣì tí gbogbo wa gbójú lé yẹn, tó bá bá ìgbẹ́ tàbí irun tàbí oúnjẹ tó dà sílẹ̀, ara wọn ló máa lo agbára ẹ̀ tán sí kó tó kan kòkòrò tí a torí ẹ̀ dà á. Ọṣẹ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ mú ajá kúrò níbẹ̀ pátápátá, kì í ṣe kí ẹ lé e sí kọ́nà kan kẹ́ ẹ máa ta omi sí i lójú, ẹ kó abọ́ ẹ̀, aṣọ ẹ̀ àti ohun tó fi ń ṣeré jáde, ẹ kó ìgbẹ́, ẹ wá fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì gbo ibẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀ kí ìdọ̀tí ara ògiri má baà tún ṣàn sórí ilẹ̀ tí ẹ ti fọ̀. Ẹ ṣan ọṣẹ yẹn kúrò dáadáa. Ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Ìdí míì tí mo fi ń pariwo ṣíṣàn yìí ni ammonia, ìyẹn kẹ́míkà olóòórùn líle tó wà nínú ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Tí blíìṣì bá pàdé ẹ̀, èéfín burúkú ló máa jáde, ó ń ta ojú, ó ń fún èèyàn láyà, pàápàá nínú yàrá tí ò ní fèrèsé. Ẹ má sì po blíìṣì mọ́ fínígà tàbí ògùn míì kankan, èyí tí wọ́n ń pè ní "kó lè lágbára sí i" yẹn, májèlé ni wọ́n ń pò.

Ìwọ̀n tó tó fún blíìṣì ilé ni ife 1 sí ife omi 32. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, imú ajá ló ń jìyà ẹ̀, kéèjì onírin á sì dípẹtà. Ẹ pò ó lọ́jọ́ tí ẹ máa lò ó, torí tó bá ti sùn mọ́jú, agbára ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń kùnà ni ìdúró: ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní tútù pẹ̀lú ògùn yẹn fún ìṣẹ́jú 10, tó bá fẹ́ gbẹ kó tó pé, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lómi ògùn. Lẹ́yìn náà ẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ táútáú kí ajá tó wọlé, níbi tí oòrùn wà tó bá ṣeé ṣe. Kòkòrò leptospira tó ń gba inú ìtọ̀ ràn, tó sì ń mú èèyàn náà, ó fẹ́ràn ilẹ̀ tútù, gbígbẹ ló ń pa á.

Ṣé kí n wá sọ ti parvo, àìsàn tó ń mú kí ajá máa bì, kó sì máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀? Ọdún 1978 layé kọ́kọ́ dá àìsàn yìí mọ̀ lára ajá, kò sì pé ọdún 2 tó fi tàn ká gbogbo àgbáyé. Kòkòrò ẹ̀ ò ní awọ ọ̀rá tí ọṣẹ lè bà jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi lè wà nílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ó lè tó ọdún kan, tí ọ̀pọ̀ ògùn olóòórùn dídùn ò sì rí i gbé ṣe. Blíìṣì ń pa á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ògùn míì, ẹ ka ara ike ẹ̀, tí ò bá dárúkọ parvo níbẹ̀, ẹ má gbára lé e. Àwọn ògùn tó máa ń di funfun tí omi bá ti kàn wọ́n yẹn, púpọ̀ nínú wọn ní kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní phenol, ó lè jó ara ajá, ológbò ní tiẹ̀ lè kú sí i.

Ẹyin aràn gbọọrọ inú ìfun (roundworm) sì rèé, blíìṣì ò ràn án rárá. Àmọ́ ẹyin tuntun ò tíì lè ran ẹnikẹ́ni, ó máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ kó tó lè mú ajá tàbí ọmọ kékeré tó ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Kíkó ìgbẹ́ lójoojúmọ́ ṣe pàtàkì ju ògùn lọ níbí. Eégbọn náà, inú ihò ògiri ló ń yé ẹyin ẹ̀ sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dí àwọn ihò yẹn kẹ́ ẹ sì bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀. Ilé onípákó tí ò ní ọ̀dà máa ń fa ìtọ̀ mu, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́ kó mọ́ délẹ̀. Tí ajá bá sì pọ̀, ti ọmọ ajá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀, ti aláìsàn ló gbẹ̀yìn, búrọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Mi ò bú yín o, ìwé yín ni mo máa ń kà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde, ẹ bá wa fi ọṣẹ ṣáájú ògùn, kẹ́ ẹ sì kọ ìṣẹ́jú 10 yẹn gàdàgbà síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín tó ń sin ajá