A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Bi Ará Ìlú Léèrè

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mi ò fẹ́ kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀la. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan kò jẹ́ kí n sùn. Ọ̀kan lára yín ni, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́, tí mo sì máa ń fi yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ojú tó ti tì í tó gẹ́ẹ́.

Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, òun wà lára àwọn tó ń fi fóònù bi àwọn èèyàn léèrè fún wa. Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé ọkàn yín balẹ̀? Ta lẹ gbà gbọ́ nínú gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa àrùn yìí? Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá dé, ṣé ẹ máa gbà á? Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí ibi tí ó ṣófo nínú ìwé rẹ̀, kò sí ẹni tó bínú pa fóònù mọ́ ọn létí. Ó yẹ kí n ti fura. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tó mi yẹ kó mọ̀ pé bí gbogbo èèyàn tí a pè bá dáhùn tán pátá, a jẹ́ pé èèyàn kọ́ la pè.

Lọ́dún yìí, a padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn kan náà. Èmi fúnra mi ni mo pe obìnrin kan láti inú ìwé ọmọ náà. Mo kí i, mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. A bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà Kòrónà." Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin wo? Ẹnikẹ́ni ò pè mí o." Mo pe ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Nígbà tí mo máa fi pe ẹnì kẹfà, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n.

Èèyàn 43. Ó jókòó sílé, ó kọ ìdáhùn fún èèyàn 43 tí kò gbóhùn wọn rí.

Nígbà tí mo pè é, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. "Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Wọn kì í gbé fóònù. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa rò pé mi ò ṣiṣẹ́. Gbogbo wa náà la sì kúkú mọ bí nǹkan ṣe rí fún àwọn èèyàn nígbà yẹn."

Ẹkún rẹ̀ dùn mí, àmọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló bà mí lẹ́rù. Gbogbo wa la mọ̀! Ta ló sọ fún ọ? Bí gbogbo wa bá mọ̀, kí la wá ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu sí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo wa "mọ̀" fún yín. Èmi fúnra mi mọ̀ pé bí a bá ti àwọn èèyàn mọ́lé, ìbànújẹ́ wọn á máa pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N bá fi orí mi búra. Àwọn olùwádìí ní University College London bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn léèrè ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n sì ń bi wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó dá wọn lóhùn ju 70,000 lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ga jù. Àárín ìgbà tí òfin le jù gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Mo tún mọ̀ pé àwọn tó máa gbẹ̀mí ara wọn á pọ̀ yanturu. Àwọn kan ka iye wọn ní orílẹ̀-èdè 21, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2021: ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ yẹn, kò lọ sókè. Síbẹ̀, ẹ má rò pé mò ń sọ pé nǹkan dẹrùn o. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní oṣù kẹta ọdún 2022 pé ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i ní àgbáyé lọ́dún àkọ́kọ́ àrùn náà. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́ papọ̀. Ìwádìí mìíràn tún wà tó fi hàn pé lọ́dún 2021, àwọn tó ń ran àlejò lọ́wọ́, tó ń fi owó tọrẹ, tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ àánú, pọ̀ ju ti ìgbà tí àrùn kò tíì dé lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan.

Ta ni ì bá jókòó sílé kó hùmọ̀ ìyẹn?

Mo padà lọ ka ìwé ọmọ náà. Ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́ ni. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní òun ń sùn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, etí mi yìí ni mo fi gbọ́ irú wọn. Ọkùnrin kan sọ fún mi pé ojú ń ti òun láti sọ ọ́ jáde, pé oṣù wọ̀nyẹn ló dùn jù nínú ayé òun, torí ìgbà yẹn lòun tó mọ ohùn àwọn ọmọ òun yàtọ̀ síra bí òun kò bá tiẹ̀ rí wọn. Irọ́ kì í bí irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí ayé ti ń sọ tẹ́lẹ̀ nìkan ni irọ́ mọ̀ ọ́n sọ.

Ìdí nìyí tí ara mi kò fi gba àrà tuntun tí ẹ gbé dé yìí. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé, "Ṣe bí obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀," kí wọ́n wá bi í léèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí! Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún kan, kí wọ́n pè é ní èrò ará ìlú. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orí yín pé báyìí? Ẹni tó lorí wà nílé, ẹ wá gbé abẹ ti orí fọ́tò rẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀ yín sí ọmọkùnrin yẹn? Òun tiẹ̀ sunkún.

Ẹ má sì fi púpọ̀ dẹ́rù bà mí. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láti orí Facebook ń rí ìdáhùn nǹkan bí 250,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, iye tó ní ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fi èèyàn 17 nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tó gbà á lóòótọ́ lọ. Ìwádìí mìíràn tí kò ju nǹkan bí èèyàn 1,000 lọ sún mọ́ òtítọ́ jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ ìṣirò tó yẹ̀ ẹ́ wò ní bí a bá ṣẹ́ kèké yan èèyàn 10 péré, ìmọ̀ tí a ó rí kò ní dín sí ti ogunlọ́gọ̀ yẹn. Mẹ́wàá! Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, àwọn tí ara wọn kò le, tí ọwọ́ wọn dí, tí wọn kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rántí ohun kan láti ẹnu mi, ẹ máa kọ iye àwọn tó kọ̀ jálẹ̀ sílẹ̀. Kíkọ̀ náà, ìdáhùn ni.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ blíìṣì náà, kẹ́míkà tí a fi ń fọ aṣọ funfun? Oṣù karùn-ún ọdún 2020, wọ́n bi èèyàn 502 léèrè ní Amẹ́ríkà, àwọn kan sì ní àwọn ti fi omi blíìṣì yọ ẹnu tàbí mu ún nítorí àrùn. Ìròyìn náà kárí ayé. Àwọn mìíràn tún un bi nígbà tó yá, wọ́n ju ìbéèrè ẹ̀tàn sáàárín, wọ́n sì rí i pé ó tó ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní àwọn mu nǹkan bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé wọn kò fara balẹ̀ dáhùn rárá. Àwọn kan lára irú wọn gbà pé àrùn ọkàn ti pa àwọn rí níbi tí àwọn ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Òkú ń dáhùn ìbéèrè. Mo rẹ́rìn-ín títí, kí n tó rántí ti ilé wa.

Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan. Diederik Stapel, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń wárí fún ní Netherlands, ṣe irú rẹ̀ títí àṣírí fi tú lọ́dún 2011. Ìwé rẹ̀ tí wọ́n fà padà tó 58.

Ibi tó dùn mí jù ni mò ń sá fún láti àárọ̀. Ẹ mọ ìbéèrè mẹ́sàn-án tí a fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, báwo ni eléyìí ṣe ń yọ yín lẹ́nu tó: 0, 1, 2, 3. Ìkẹsàn-án ló ń bi èèyàn bóyá ó ti ń rò ó pé ikú yá ju ayé lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú kónílé-ó-gbélé, mo bi ọkùnrin kan. Ó ti sáré dáhùn mẹ́jọ. Nígbà tí a dé ìkẹsàn-án, ó dákẹ́. Mò ń gbọ́ aago ara ògiri rẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Bí ẹni tí ẹ bi bá dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọjọ́ mélòó kan." Mo kọ 1. Mo fún un ní nọ́ńbà àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́, mi ò sì gbé fóònù sílẹ̀ títí ó fi ṣèlérí pé òun máa pe ẹ̀gbọ́n òun.

Nínú ìwé 43 tí ọmọ yẹn kọ, 0 ni ó wà níwájú ìbéèrè kẹsàn-án, látòkè délẹ̀. Ìbéèrè mẹ́jọ tó kù, ìbànújẹ́; ìkẹsàn-án, 0. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ nǹkan mìíràn, a máa pe onítọ̀hún padà.

Ẹ máa fi ìbéèrè yín bi àwọn òbí yín kí ẹ tó bi ará ìta. Ẹ ó mọ èyí tó ń gúnni lára. Ẹ máa pè láàárọ̀, ẹ máa pè lálẹ́. Ẹ má ṣe bá èèyàn parí gbólóhùn. Ẹni tó bá rẹ̀ nínú yín, kó wá sọ fún mi pé ó rẹ òun, mi ò ní jẹ ẹ́. Ṣé mo le tó bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ fi ń bẹ̀rù mi ju irọ́ lọ? Ìbéèrè yẹn, èmi ni mò ń bi ara mi.

Ní Bìrìtéènì, wọ́n mọ̀ pé àwọn tí ìdààmú ọkàn wọn le gan-an kúrò ní ìdá 18.9 sí 27.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nítorí pé ìwádìí tó ti ń bá àwọn ìdílé kan náà bọ̀ láti ọdún 2009 ti gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn kí àrùn tó dé. Ọ̀rọ̀ tí a kò gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ rẹ̀, ibo la tún ti fẹ́ rí i?

Mi ò tíì parí ti obìnrin yẹn. Lẹ́yìn tó ní ẹnikẹ́ni ò pe òun, kò pa fóònù. Ó ní, "Èmi nìkan ni mo wà nílé nígbà yẹn. Ká ní ẹ pè mí lóòótọ́ ni, ǹ bá gbé e." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n máa bi òun ohun tí mo fẹ́ bi òun. Mo bi í nípa ìsinsìnyí, ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo bi í nípa ọdún 2020, bí oorun rẹ̀ ṣe rí, bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Ó rò ó títí. Ó ní, "Mi ò rántí dáadáa mọ́."

Mo ti ní kí wọ́n pa àwọn ìdáhùn yẹn rẹ́ nínú ìwé wa. Orúkọ kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni. Mo ní kí wọ́n fi nọ́ńbà 43 náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí iwájú wọn ṣófo.

Èmi ni,
Màmá yín.