Ẹ Fi Àkọsílẹ̀ Owó Han Obìnrin Tí Ẹ Pè Lólè

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ohun tó ń dùn mí lọ́kàn láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nígbà tí obìnrin kan tí wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́ pe orí rédíò láti béèrè ohun tí òfin lè ṣe fún òun, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n pè wá dá aráàlú lóhùn sì sọ fún un pé kí ó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀, nítorí pé ilé-ẹjọ́ kì í ṣe ibi tí mẹ̀kúnnù ń lọ. Obìnrin náà ní wọ́n pe òun lólè, wọn kò sì fi ẹ̀rí kankan han òun. Ó ní àwọn ọkùnrin tí àwọn jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n ní nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba yìí, tó ń jẹ owó oṣù lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kò tilẹ̀ bi í bóyá wọ́n fún un ní ìwé; ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ó rí sọ. Inú bí mi gidigidi, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà kò yàtọ̀ sí ohun tí ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí ní Ìbàdàn níbí lọ́dún tó kọjá, àwa náà sì pàdé irú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ́ẹ̀ lọ́nà.

Ilé ìtajà ńlá kan ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Kò tíì pẹ́ tó ti ìsinmi ìbímọ dé tí wọ́n fi fún un ní kúẹ́rì. Mo ka ìwé náà fúnra mi. Gbólóhùn méjì péré ló wà níbẹ̀: pé àwọn ṣàkíyèsí pé owó ń dín ní àkókò tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, àti pé kí ó ṣàlàyé láàárín wákàtí 24 ìdí tí àwọn kò fi ní bá a wí. Wọn kò kọ iye owó síbẹ̀, wọn kò sì kọ ọjọ́ tí owó náà dín. Báwo ni ènìyàn ṣe lè ṣàlàyé owó tí a kò dárúkọ iye rẹ̀? Páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni òun àti ọkùnrin méjì jọ ń lò lórí ẹ̀rọ ìgbowó kan náà, bí ó bá sì ti dìde láti lọ fún wàrà ọmọ rẹ̀ sínú ìgò ní yàrá ẹ̀yìn, ọ̀kan nínú wọn ni yóò jókòó síbẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ owó jáde láti inú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì wo kámẹ́rà tó wà lókè ẹ̀rọ náà. Wọn kò dá a lóhùn. Ohun tí máníjà sọ fún un ni pé obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, bí yóò ṣe rówó ra oúnjẹ ọmọ ni ọkàn rẹ̀ máa ń rò, kò sì sí bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lè fi owó ẹlòmíràn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni ẹ̀rí tí wọ́n ní.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé pé òun yóò san ₦240,000. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ iye owó tí wọ́n ní ó jí. Wọ́n tún ránṣẹ́ pe onídùúró rẹ̀, bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, wọ́n sì mú kí àgbàlagbà yẹn jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi ṣú, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn jẹ́rìí ìwà ọmọlúàbí ọmọ tó kọ́ ní ìwé. Owó oṣù tó yẹ kí ọmọ náà gbà, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó ń gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá dìde ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun kan náà ni abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ń sọ nígbà tó ní a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ènìyàn kí a tó dá a lẹ́bi, àwọn adájọ́ wa sì ti sọ ọ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdájọ́ pé agbanisíṣẹ́ tó bá sọ pé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ báyìí ni òun ṣe yọ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ni yóò máa wá ẹ̀rí pé òun kò jalè. Abala 42 nínú ìwé òfin kan náà sì kọ̀ kí a fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. N kò mọ ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wa ń kà tí wọ́n fi lè máa sọ fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn èké kàn pé kí ó lọ dọ̀bálẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ kan wà tó jẹ́ pé torí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, òun ni ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Industrial Court. Ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Èkó. Àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin wa fi abala 254C kún un, abala náà sì dárúkọ ojúsàájú àti ìfìbálòpọ̀ dààmú ẹni níbi iṣẹ́ lára ohun tí ilé-ẹjọ́ yìí nìkan ní àṣẹ láti gbọ́. Ní 2013, ilé-ẹjọ́ náà dá obìnrin kan láre tí wọ́n yọ níṣẹ́ lẹ́yìn tó kọ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ máa fọwọ́ kàn án lọ́nà àìtọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n san owó tó lé ní ₦13 mílíọ̀nù fún un. Ní Èkìtì, ní 2021, wọ́n lé ọlọ́pàá obìnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó lóyún láìtíì lọ́kọ, lábẹ́ ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá kan tí kò sọ ohunkóhun nípa ọlọ́pàá ọkùnrin tó fún obìnrin lóyún láìgbé e níyàwó. Ilé-ẹjọ́ tó wà ní Àkúrẹ́ sì sọ pé ìlànà bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Ṣé àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe mẹ̀kúnnù?

Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ pé owó oṣù tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé yẹn náà lòdì sí òfin. Òfin Òṣìṣẹ́ ti 1974 kò gbà kí agbanisíṣẹ́ yọ owó kankan nínú owó oṣù nítorí ohun tó sọnù tàbí tó bàjẹ́, àfi tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí i nínú ìwé. Mélòó nínú àwọn ilé ìtajà, ilé epo àti ilé ìwòsàn aládàáni tó ń gé owó òṣìṣẹ́ lóṣooṣù ló ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí? Òfin kan náà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì kà á léèwọ̀ kí wọ́n fún un ní ìwé ìlélẹ́nuṣẹ́ nígbà tó wà nínú ìsinmi náà. Òótọ́ ni pé Òfin Òṣìṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní ipò alákòóso, ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ wa dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa.

Ní ti ọlọ́pàá, òfin kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn kìkì nítorí gbèsè tàbí àdéhùn iṣẹ́ tó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá gbà pé olè ni ènìyàn jà lóòótọ́, ilé-ẹjọ́ ni kí wọ́n gbé e lọ láàárín ọjọ́ kan, tí ilé-ẹjọ́ bá wà nítòsí. Wọn kò gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé-ẹjọ́ kankan, nítorí pé àkọsílẹ̀ owó tí wọn kò fi hàn án ni adájọ́ yóò kọ́kọ́ béèrè.

N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé ọ̀nà ilé-ẹjọ́ rọrùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba tí òfin dá ipò rẹ̀ sílẹ̀ lè gba iṣẹ́ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ aládàáni, owó gbà-máà-bínú ni ilé-ẹjọ́ sábà máa ń fún un, kì í fi ipá mú ọ̀gá láti gbà á padà. Síbẹ̀, orúkọ rere ṣe pàtàkì fún ẹni tó tún fẹ́ wá iṣẹ́ mìíràn. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn má ṣe fọwọ́ sí ìwé ìfipòsílẹ̀ tí wọ́n bá gbé ka iwájú rẹ̀ nínú ìbẹ̀rù. Tó bá sì ti fọwọ́ sí i, kí ó mọ̀ pé ilé-ẹjọ́ náà ti gbà rí pé ẹni tí wọ́n fi túláàsì mú kọ̀wé fipò sílẹ̀, lílé ni wọ́n lé e. Kí ó fèsì kúẹ́rì nínú ìwé, kí ó béèrè fún àkọsílẹ̀ owó àti àwòrán kámẹ́rà nínú èsì náà, kí ó sì mú ẹ̀dà kan tí wọ́n ti fọwọ́ sí lọ sílé pẹ̀lú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Èsì tí ọmọ wa kọ yìí ni agbẹjọ́rò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí, èyí tó jẹ́ ₦70,000 láti 2024, lè rí agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ gbà ní Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ lórí ẹjọ́. Àwọn agbẹjọ́rò obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ FIDA máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kì í sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá. Ṣé èyí ló nira fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti sọ lórí rédíò?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún jù lọ ni ìwé ẹ̀sùn kan tí òfin yóò sọ di dandan. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà lára ohun tí ìwé òfin fi sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ nìkan, nítorí náà àwọn aṣòfin wa tó wà ní Àbújá ni mo kọjú sí, kí wọ́n fi kún Òfin Òṣìṣẹ́ pé agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ẹ̀sùn olè tàbí jìbìtì kan òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwé yìí ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún òṣìṣẹ́ náà, ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́, ọ̀kan fún ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kí iye owó wà níbẹ̀, kí ọjọ́ àti wákàtí wà níbẹ̀, kí wọ́n sì so àkọsílẹ̀ owó mọ́ ọn. Kí àyè kan wà tí wọn yóò kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan owó tàbí ẹrù náà sí, lọ́kùnrin lóbìnrin, pẹ̀lú ohun tí wọ́n bi ẹnì kọ̀ọ̀kan àti èsì tí ó fọ̀. Àyè yìí ló jẹ mí lógún jù, nítorí pé kò sí ọ̀gá tí yóò kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé torí obìnrin ni òun ṣe lé ènìyàn; ara àwọn tí wọn kò bi léèrè ni a ti ń rí ojúsàájú wọn. Kí òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fèsì, kí ó sì lè mú akẹgbẹ́ kan tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dání wá síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Tí ìwé yìí kò bá sí, kí ìlélẹ́nuṣẹ́ náà má ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí owó oṣù sì máa sáré lọ títí wọn yóò fi kọ ọ́. Agbanisíṣẹ́ tó ní ẹ̀rí kò ní pàdánù ohunkóhun nínú èyí.

Kí Industrial Court máa jókòó ní àwọn ìlú kéékèèké pẹ̀lú. Kí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa fi àgọ́ wọn gba gbèsè fún àwọn olówó. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ìwà ipá àti ìdààmú níbi iṣẹ́ ní 2022. Kí àwọn tó lọ fọwọ́ sí i wá sọ fún wa ohun tí wọ́n ti fi ṣe. Kí ìjọba sì fòfin dè é kí wọ́n máa pe onídùúró wá sí àgọ́ ọlọ́pàá lórí ẹ̀sùn tí wọn kò tíì fi àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ han ẹni tí wọ́n fi í kàn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.