Ká wọn ìtọ̀ òru ká tó dá próstéètì lẹ́bi

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Gbólóhùn kan kì í wọ́n nínú àwọn ojú ìwé ìlera: pé ọkùnrin àgbà tó bá ti ń jí tọ̀ lóru, próstéètì rẹ̀, ẹ̀yà ara tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ló wú. A kò fara mọ́ ọn, nítorí òun ló ń mú kí àwọn èèyàn máa lo oògùn próstéètì fún ohun tó jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn. Bí próstéètì ṣe tóbi tó àti bí ìtọ̀ ṣe ń yọni lẹ́nu tó kì í sábà rìn pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ tóbi gan-an lè máa tọ̀ geere, kí ẹni tí tirẹ̀ kéré máa fi ipá tì í.

Láti ọdún 1992 ni àwọn olùwádìí ti ń lo ìbéèrè méje nípa oṣù kan tó kọjá láti wọn bí ìtọ̀ ṣe ń yọni lẹ́nu tó. Lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀ tán, ṣé ó ń ṣe yín bíi pé ó kù sínú? Ṣé ẹ tún ń tọ̀ kí wákàtí méjì tó pé? Ṣé ó ń dáwọ́ dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ṣòro láti mú un mọ́ra? Ṣé kì í lágbára bó ṣe ń jáde? Ṣé ẹ máa ń fi ipá tì í kó tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń dìde lóru? Ìkọ̀ọ̀kan gba máàkì 0 sí 5. Àròpọ̀ 0 sí 7 kò le. 8 sí 19 mọ níwọ̀n. 20 sí 35 le. Ìbéèrè kẹjọ wà lọ́tọ̀: bí ẹ bá máa wà báyìí títí ayé, báwo ni yóò ṣe rí lára yín? Lójú tiwa, òun ló ṣe pàtàkì jù, torí ẹni tí ìtọ̀ kò dà láàmú lè má nílò oògùn rárá.

Ṣùgbọ́n máàkì kì í sọ ohun tó fà á. Àwọn àgbà obìnrin, tí wọn kò ní próstéètì, máa ń gba máàkì tó sún mọ́ ti àgbà ọkùnrin. Ohun tó ń tú àṣírí ni àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wá ife tí wọ́n kọ mílílítà sí lára, kí ẹ máa kọ aago àti iye gbogbo ìtọ̀, àti ìgbà tí ẹ sùn àti ìgbà tí ẹ jí. Ẹ má fojú díwọ̀n, ẹ má sì dín omi mímu kù torí pé ẹ ń kọ ọ́. Ìtọ̀ òru ni gbogbo èyí tó wáyé lẹ́yìn tí ẹ ti sùn, pẹ̀lú àkọ́kọ́ tí ẹ bá jí láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ti àárọ̀ yìí, ìṣirò á sì yí padà pátápátá.

Bí àgbàlagbà bá tọ̀ 1,800 mílílítà ní wákàtí 24, tí 800 jẹ́ ti òru, ó ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìtọ̀ ló ń pọ̀ jù lóru. Ó lè jẹ́ omi ẹsẹ̀ wíwú tó ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí èèyàn dùbúlẹ̀, ọkàn tó ti rẹ̀, híhanrun tí èémí ń dá dúró nínú rẹ̀, tàbí oògùn tó ń mú ni tọ̀ tí a lò ní alẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ju lítà mẹ́ta lọ, ẹ yẹ ṣúgà wò. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án lóru, nígbà náà ni kí a yẹ àpò ìtọ̀ àti próstéètì wò.

Nípa PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọn èròjà kan tí próstéètì ń ṣe: kí ọkùnrin yẹra fún dída àtọ̀ fún ọjọ́ méjì ṣáájú àyẹ̀wò, kó má sì ṣe é nígbà tí kòkòrò bá wà nínú ìtọ̀. Finasteride, oògùn tó ń mú próstéètì súnkì, máa ń dín iye PSA kù sí ìdajì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Bí dókítà kò bá mọ̀ pé ẹ ń lò ó, yóò ka ohun tó yẹ kó jẹ́ 4 sí 2. Jẹjẹrẹ próstéètì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní apá ẹ̀yìn òde, níbi tó jìnnà sí ọ̀nà ìtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń tọ̀ geere kò lè torí ìyẹn sọ pé òun kò ní in.

Ẹ̀rí “ó ṣiṣẹ́ fún mi” kò tó láti fi ta oògùn. Nínú ìwádìí èso saw palmetto, tí wọ́n ń tà fún próstéètì, tó jáde ní 2006 àti 2011, àwọn tó lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú náà sọ pé ara tu àwọn díẹ̀. Èso náà kò sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹni tí ìtọ̀ bá há mọ́ nínú, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń ro, kó má dúró kọ àkọsílẹ̀ kankan: ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n fi rọ́bà fà á. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ń ṣí imú lè fa èyí fún ẹni tí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ti fún tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ kò gba ìdúró, bẹ́ẹ̀ ni ibà pẹ̀lú ìtọ̀ tó ń ta ni. Àgbà ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì náà, kó tètè lọ: àpò ìtọ̀ lè ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ láìdùn ún, kó sì máa ba kíndìnrín jẹ́.

Àwa ni tiyín,
Olùwádìí nípa àìsàn ìtọ̀