Ẹ̀sùn Nípa Agolo Èédú Tí Wọ́n Yọ Lára Máṣíìnì Mi

Àdúgbò Òkè-Ìtasẹ̀,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ 13, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Sí Alákòóso Ẹ̀ka Àtúnṣe,
Ilé-Ifẹ̀.

Alàgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni olùkọ́ tó ra máṣíìnì pupa lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá, tí mo máa ń gùn láti Ifẹ̀ lọ sí Òṣú níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá àwọn ọmọ iṣẹ́ yín sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń fi ẹnu tù mí lójú ni. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí ẹ̀yin fúnra yín.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, mo gbé máṣíìnì wá fún sáfíìsì. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe kò ju kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, kí wọ́n nu púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n sì fa ṣéènì tó ti dẹ̀. Mo san ₦18,000, wọ́n já rìsíìtì fún mi. Ohun mẹ́ta yẹn nìkan ló wà nínú rìsíìtì.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo jáde nílé kí aago méje tó lù. N kò tíì dé Òṣú tí máṣíìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í já, bí ẹni tí èémí fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kú mọ́ mi nídìí. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo tẹ sítátà títí, kò dáhùn. Mo ní bóyá epo ló tán, mo ṣí ìdérí táńkì kí n yọjú wò ó. Bí mo ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, mo gbọ́ "fíìì", táńkì fa afẹ́fẹ́ sínú lójijì bí ẹni tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Epo wà níbẹ̀, ó lé ní ìdajì. Mo dé e padà, mo tẹ sítátà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dáhùn. Ní àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sọ̀ kalẹ̀ ṣí táńkì, tí àwọn tírélà ń fi atẹ́gùn gbá mi lójú kọjá.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìjókòó. Agolo dúdú kékeré tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ihò bóòtù méjì ni mo bá, tó ṣì mọ́ tónítóní. Páìpù rọ́bà tó ti táńkì wá síbẹ̀, wọ́n ti ki skúrù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé e, wọ́n sì fi wáyà dì í pinpin.

Mo mọ iṣẹ́ agolo yẹn, torí mo ka ìwé tí ẹ fi ti máṣíìnì. Epo bẹntiróòlù kì í dúró jẹ́ẹ́: bí oòrùn bá ti pa táńkì, oru rẹ̀ á máa jáde. Èédú inú agolo ló ń gba oru náà mú nígbà tí máṣíìnì bá wà ní ìdúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á fà á padà, á sì jó o. Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni táńkì fi ń mí. Bí epo ṣe ń lọ, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni ọmọ iṣẹ́ yín fi skúrù dí.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo gbé e padà wá. Ọmọ iṣẹ́ yín kò jiyàn. Ó ní gbogbo máṣíìnì tó bá gba ọwọ́ àwọn kọjá ni àwọn ń yọ ọ́ lára rẹ̀, pé kò wúlò ní Nàìjíríà. Ó fa skúrù yọ, ó jẹ́ kí páìpù máa mì dirodiro, ó ní ó ti parí. Lóòótọ́, kò kú mọ́ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ sàléńsà ni páìpù yẹn dorí kọ. Ẹnu kejì tó wà lára ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti máa ń fa oru inú agolo, ńkọ́? Rọ́bà tí wọ́n fi dé e ti là, ó ń fa afẹ́fẹ́, ìró ẹ́ńjìnnì á kàn máa ga fúnra rẹ̀ bí mo bá dúró ní oríta Mayfair ní Ifẹ̀ níbí.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ilé. Yàrá méjì la ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ń gbé máṣíìnì sí lálẹ́ nítorí olè. Láti ìgbà tí mo ti rà á ló ti ń sun ibẹ̀, a kò gbóòórùn epo rí. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọwọ́ wọn yìí, bí mo bá ti inú oòrùn dé, kó tó di àṣálẹ́ ilé á ti máa rùn. Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́, ilẹ̀ náà ni ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mẹ́rin tẹ́ ẹní sí. Ó jí lóru ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá mi, orí ń fọ́ mi, ilé ń rùn bí ilé epo." Nínú oru yẹn ni benzene wà, tí ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ kà mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Ìyàwó mi kò tan sítóòfù nínú ilé mọ́. Ìta ló ti ń dáná, nínú òjò oṣù kẹwàá yìí. Mo ti wá gbé máṣíìnì sẹ́yìn ilé, mo fi ṣéènì so ó mọ́ igi ọsàn, mo sì ń jí lẹ́ẹ̀mejì lóru láti yọjú wò ó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń yọ agolo yìí lára tiwọn. Ohun ìní wọn ni. Tèmi, ẹnikẹ́ni kò bi mí. Ìwé wáráńtì yín sì sọ pé bí oníbàárà bá tú nǹkan kan, wáráńtì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ta ló tú tèmi?

Mo fẹ́ kí ẹ dá agolo náà padà sí àyè rẹ̀, tuntun, pẹ̀lú fáàfù àti àwọn páìpù rẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí ẹ má ṣe yọ ọ́ lára máṣíìnì ẹlòmíràn wá fún mi. Mo fẹ́ ₦18,000 mi padà. Mo sì fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú òǹtẹ̀ yín, pé ọwọ́ yín ló tú u, kí wáráńtì mi lè dúró. Ọjọ́ 14 ni mo fún yín. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, n ó gbé e lọ síwájú àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti gbèjà oníbàárà.

Mo fi ẹ̀dà rìsíìtì àti fọ́tò mẹ́ta há inú lẹ́tà yìí. Skúrù náà wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín, olùkọ́ Òṣú.