Ta ló fi apá mẹ́rìndínlógún ṣòfin fún wọn ní Kòríà?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, nítorí inú ń bí mi gidi. Alẹ́ àná ni mo wo eré Kòríà tí wọ́n ń pè ní ‘Memories of the Alhambra’ parí, èyí tí Hyun Bin àti Park Shin-hye ṣe. Lóòótọ́, ó ti pẹ́ tó ti jáde. Ìparí ọdún 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n dátà tí mo fi wò ó, owó tuntun ni.

Ká ní kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, mi ò bá ti pa á tì. Ọ̀gá iléeṣẹ́ kan dé Granada ní Sípéènì, ó fi lẹ́ńsì sójú láti wo géèmù tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe, ni jagunjagun bá yọ idà sí i ní gbàgede ìlú. Àwọn tó ń kọjá lọ ò rí jagunjagun kankan o. Ọkùnrin tó ń bá afẹ́fẹ́ jà ni wọ́n ń wò. Ó wá pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ nínú géèmù, ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá òkú ọ̀rẹ́ ọ̀hún lórí bẹ́ǹṣì. Òkú gidi! Láti ìgbà náà, bí gìtá bá ti dún báyìí, òkú ti tún dé nìyẹn, tòun tidà.

Báwo ni idà géèmù ṣe pa èèyàn gidi? Ìbéèrè tó mú mi jókòó tì í nìyẹn. Apá mẹ́rìndínlógún ni eré náà ní, wọn ò dáhùn rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, nígbà tó di ìdajì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí a ti rí fi hàn wá, ọ̀tún, òsì. Ìtàn á gbóná tán, wọ́n á yà lọ jẹ búrẹ́dì nílé oúnjẹ kan náà, kámẹ́rà á sì rọra wo orúkọ ilé oúnjẹ náà dáadáa. Park Shin-hye tó mọṣẹ́, ẹkún ni wọ́n fún un sun. Níkẹyìn (ẹni tí kò tíì wò ó, kó má bínú), wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ wúrà gún àwọn òkú, wọ́n di eérú, ọkùnrin wa náà pòórá, ó parí. Bí idà géèmù ṣe pa èèyàn gidi ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ.

Àwọn ọ̀gá tó ń pín àkókò lórí tẹlifíṣọ̀n ní Kòríà ni mo dá lẹ́bi. Wọ́n ti ní àwo kan tí wọ́n sábà ń lò nígbà náà, apá mẹ́rìndínlógún, apá kọ̀ọ̀kan lé ní wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ìtàn gbọ́dọ̀ kún un. Bí ò bá kún, wọ́n á bomi là á. Kí wọ́n jẹ́ kí ìtàn fúnra rẹ̀ sọ iye tó tó o. ‘Kingdom’, eré Kòríà mìíràn, jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019, kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí Alhambra parí, apá mẹ́fà péré ló ní nígbà náà. ‘Squid Game’ ti 2021, eré Kòríà náà ni, apá mẹ́sàn-án. Ta ló ní kò tó òun? Ẹ gbé Alhambra fún mi pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì: mà á gé ìrántí àná, mà á gé ìjà ìyàwó tó ti kọ ọkùnrin yẹn sílẹ̀ àti èyí tó ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, mà á gé ìdajì ìpàdé iléeṣẹ́. Ó máa ku mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, àyè á sì wà láti dáhùn ọ̀rọ̀ idà.

Ìpolówó, kí wọ́n ṣe é kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ìparí kí kámẹ́rà tó gbéra.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má bínú, kí n lọ wo ‘Crash Landing on You’, Hyun Bin náà ló ṣe é. Mo bi í pé apá mélòó ni. Ó ní mẹ́rìndínlógún.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òṣogbo