Ẹ má tíì ra graphics card tuntun: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa tí kọ̀ǹpútà wọn ń kú sójú géèmù

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ sì kú ìfaradà ọ̀rọ̀ iná yìí.

Láti bí oṣù mélòó kan, ẹjọ́ kan náà ló ń wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa níbí ní Ìbàdàn: "Ẹ̀yin lẹ tà á fún mi. Mo fi tẹ̀wé, kò ṣe nǹkan kan. Mo fi wo fíìmù, kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ tí mo bá ti ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀, kò ní í tó ogún ìṣẹ́jú tó máa kú." Àwọn dẹ́sítọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ pẹlẹbẹ nì là ń sọ, èyí tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn ọ̀dọ́ wá ń ki graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde) bọ̀ nínú. (Ọ̀pọ̀ yín ló ń pe gbogbo àpótí ọ̀hún ní CPU. Mi ò bá yín jà. Àmọ́ nínú lẹ́tà yìí, CPU ni ọpọlọ kékeré tó wà lábẹ́ fáànù.)

Bó ṣe kú ló máa ń sọ ohun tó pa á. Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Bó bá kú lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí Nẹ́pà mú iná lọ, power pack, ìyẹn àpótí kékeré inú rẹ̀ tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà yòókù, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ pé géèmù á máa wọ́ bí ìgbín, tí fáànù á máa pariwo kó tó kú, ooru ni. Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ṣókùnkùn àmọ́ tí ẹ ṣì ń gbọ́ ohùn géèmù, káàdì tàbí driver rẹ̀ (ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) ni ká yẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ ojú búlúù tí Windows ń kọ̀wé sí, ẹ tètè fi fóònù yà á kó tó pòórá. RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, wà lára àwọn tí a máa ń fura sí níbẹ̀.

Àwọn kan nínú yín ti mọ Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú Windows, wọ́n á rí àkọlé Kernel-Power 41 níbẹ̀, wọ́n á ní Windows fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé iná ló fà á. Rárá o. Ohun tí 41 ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ náà kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín fa okùn rẹ̀ yọ, 41 náà ló máa kọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ power pack yẹn, torí òun ló ń dà wá láàmú jù. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà nínú àpótí pẹlẹbẹ kò ju 240 tàbí 255 watt lọ. CPU irú Core i5-4590 jẹ́ 84 watt. Graphics card irú GTX 1650 tí kò ní okùn iná tirẹ̀ ń gba gbogbo oúnjẹ rẹ̀ láti ojú ihò tí a ki káàdì bọ̀ lára bọ́ọ̀dù, 75 watt sì ni òté ibẹ̀. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 159 ni. Ẹ fi bọ́ọ̀dù, dísíkì àti fáànù kún un, kò tíì tó 240. Lórí ìwé, kò sí ìjà. Àmọ́ ọdún 2014 ni CPU yẹn jáde. Power pack tó bá a dé ti lo ọdún mẹ́wàá kọjá, àwọn capacitor inú rẹ̀ (àwọn agolo kékeré tó ń tọ́jú iná) ti ń darúgbó. Káàdì kì í sì í jẹun ní ìwọ̀n kan ṣoṣo: láàárín ìṣẹ́jú kan péré, ó lè ṣàdédé bu òkèlè tó ju ti ẹnu rẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni power pack arúgbó á ti pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. A ò sì kàn lè fi power pack ńlá rọ́pò rẹ̀: àyè kò gbà á, ẹnu okùn ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yàtọ̀ sí pin 24 tí a ń rí lọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan láti Bódìjà gbé tirẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, a pààrọ̀ RAM. Lẹ́ẹ̀kejì, a fi Windows tuntun sí i. Lọ́dọ̀ wa, a ó gbá géèmù lórí rẹ̀ fún wákàtí méjì, kò ní gbin. Tó bá délé, ó di kíkú. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kí ọmọṣẹ́ mi gbé mítà tẹ̀lé e lọ. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n débẹ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lo iná. 150 volt péré ló bá nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, lórí extension kan náà tí fíríìsà ìyá ọmọ náà wà. Tí fíríìsà bá ti bẹ̀rẹ̀, volt ọ̀hún á tún já wálẹ̀. Tiwa ní ṣọ́ọ̀bù ń gba inú stabilizer kọjá, ìdí nìyẹn tí kò fi kú lójú wa rí. Nígbà tí volt bá lọ sílẹ̀, power pack á máa fa current púpọ̀ sí i kó lè rí watt tó ń wá, á sì máa gbóná. RAM tí a yọ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. A dá owó rẹ̀ padà. Owó iṣẹ́ Windows, mo gbà á, kí n má parọ́.

Ti ooru kò le. Thermal paste, ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò lára CPU, ti gbẹ, eruku ọyẹ́ ti dí fáànù, ẹ tún wá tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ kọ fáànù yàrá sí i, kí ẹ gbá géèmù náà. Bí kò bá kú mọ́, ẹ ti rí ìdáhùn láìná kọ́bọ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ HWiNFO, ọ̀fẹ́ ni, á máa fi ìwọ̀n ooru hàn yín. Bí CPU bá ti ń sún mọ́ 100°C, ẹ gbé e wá ká pààrọ̀ paste.

Ẹ tún lè wọ settings géèmù, kí ẹ dín frame rate (iye àwòrán tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) kù sí 30. Bó bá ń kú ní 60 tí kò kú ní 30, iná tàbí ooru ni kí ẹ máa wá. Ẹ má wulẹ̀ tún géèmù 80 gíìgì wà jáde pẹ̀lú dátà tó wọ́n gógó yìí. Ti RAM, ẹ fi MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM wò, sórí fílàṣì, kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Error ẹyọ kan péré ti tó ká pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú power pack fúnra yín. Iná máa ń wà nínú capacitor rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ okùn.

Láti ìsinsìnyí lọ, a ò ní ta graphics card fún ẹni tó ní àpótí pẹlẹbẹ àyàfi tó bá gbé àpótí náà wá, tàbí kó fi àwòrán ohun tí wọ́n kọ sára power pack ránṣẹ́ sí wa. Mo mọ̀ pé inú á bí àwọn kan, wọ́n á sì lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá ń gbé e bọ̀, ẹ fi mọ́nítọ̀ sílẹ̀ nílé, a ní tiwa. Okùn iná àti extension tí ẹ ń lò gan-an ni kí ẹ mú dání, kí ẹ sì sọ fún wa ohun mìíràn tó wà lórí extension ọ̀hún. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ tètè dé. Tó bá ti di ọ̀sán, èrò á ti pọ̀.