X kan péré

Dèjì ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà, òtútù ò pa yín jù? Ìyàwó ńkọ́? Látìgbà tó o ti sọ pé iwájú Oxford University Press ní Walton Street lò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ni mo ti ń ka ìtàn wọn lórí fóònù, NẸ́PÀ ò ṣáà múná wá ní Mọ́kọ́lá, maṣíìnì kàn ń wò mí.

Ó pa mí lẹ́rìn-ín o. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní Oxford, àlàyé lórí Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì ni, 1478 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, àmọ́ 1468 ló wà nínú ẹ̀! Nọ́ńbà Róòmù ni wọ́n fi kọ ọ́, o sì mọ̀ pé ayé ìgbà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣa lẹ́tà òjé tò, ẹni tó ń tò ó gbàgbé X kan, ọdún mẹ́wàá bá fò lọ fẹ́ú. Mo rántí ìwé ètò ìsìnkú tí mo tẹ̀ tí mo ní Màmá kú ní 2042, ọmọ olóòkú fẹ́ẹ̀ gbá mi létí, 300 ni mo tún tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Tiwọn tiẹ̀ burú ju tèmi lọ. Caxton, ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ̀wé ní England, bẹ̀rẹ̀ ìtẹ̀wé ní Westminster ní 1476, ni òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Richard Atkyns bá gbé 1468 yẹn jáde ní 1664, ó ní ṣẹ́ ẹ ríyẹn, ọba ló kó ìtẹ̀wé wá sí Oxford kí Caxton tó dé, torí náà ọba ló niṣẹ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù. X kan péré o!

Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀wé ní Oxford yẹn ò tiẹ̀ pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Nígbà tó yá ni yunifásítì yá Joseph Barnes, òǹtàwé kan, ní £100 kó fi bẹ̀rẹ̀ ìtẹ̀wé, ilé ẹjọ́ ọba wá fún wọn láṣẹ ní 1586. Ẹni tó wù mí jù ni John Fell, bíṣọ́ọ̀bù ni, ó ránṣẹ́ sí Holland lọ ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń rọ lẹ́tà, ó to maṣíìnì sínú Sheldonian, gbọ̀ngàn yunifásítì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe gíráàdì náà nìyẹn! Nígbà tó kú ní 1686, ó fi gbogbo lẹ́tà ẹ̀ sílẹ̀ fún yunifásítì.

Àní, ṣé o mọ̀ pé Jericho ni wọ́n ń pe àdúgbò tí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín? Ẹ̀ka wọn tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1949, tó di University Press ní 1978, Jẹ́ríkò lòun náà wà! Jọ̀ọ́, tó o bá kọjá níbẹ̀ lọ́la, ya fọ́tò ẹnu géètì wọn fún mi, màá ya ti ibí náà ránṣẹ́.

Èmi ni,
Wálé